Ìrìn-àjò NC500 nínú campervan pẹ̀lú àwọn ọmọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

North Coast 500, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NC500, ni ọ̀nà tó yí orí ilẹ̀ Scotland ká. Máìlì 516 ni. Ó gbéra ní Inverness, ó gba etí òkun ìlà-oòrùn dé John o' Groats, ó gba òkè pátápátá lọ sí Durness, ó wá gba ìwọ̀-oòrùn sọ̀kalẹ̀ padà sí Inverness. Ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ lórúkọ yìí, àmọ́ ọ̀nà náà ti wà tipẹ́tipẹ́. Òun ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn.

Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, pàápàá àwọn tí wọn ò tíì sun inú campervan rí, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti sítóòfù nínú. Tí ẹ bá gba ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, kó jẹ́ èyí: ẹ dín ìwakọ̀ kù, kí ẹ fi kún ìdúró. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba ìrìn-àjò yìí jẹ́ fún àwọn tó lọ́mọ, kánjúkánjú ló ń fà á.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ ká yà sọ́tọ̀?

Bí ọmọ bá wà nínú ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ló kéré jù, mẹ́rìnlá ló dára jù. Ẹ máa rí àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún làwọn fi yí i ká. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ò sì lè fara da irú ìyẹn.

Ẹ má fi máìlì 516 yìí wé ti ọ̀nà márosẹ̀. Lórí M1, ọgọ́rùn-ún máìlì kò ju wákàtí kan àti ààbọ̀ sí méjì lọ. Ní apá ìwọ̀-oòrùn NC500, ó lè gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí ọ̀nà tóóró ni, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, àwọn àgùntàn sì ń sọdá nígbà tó bá wù wọ́n. Wákàtí méjì ni kí ẹ fi wakọ̀ lójúmọ́, mẹ́ta tó bá pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibi mẹ́ta ó kéré tán tí ẹ máa sùn ní alẹ́ méjì léraléra. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá gbéra, ẹ ò ní ká ibùsùn nílẹ̀, ẹ ò ní tú wáyà iná. Àwọn ọmọ á ti mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì ti rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kejì.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní, ẹ má ṣe yí i ká rárá. Ẹ gba Ullapool lọ sí Lochinver, ẹ dé Durness, kí ẹ wá gba A838 láàárín ilẹ̀ padà sí Lairg àti Inverness. Apá tó dùn mọ́ mi jù lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò dé John o' Groats.

Ìgbà wo nínú ọdún?

Ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà ìsinmi àárín sáà ilé ìwé ní England. Òjò máa ń dín díẹ̀ lápá ibẹ̀ nígbà yẹn, kòkòrò midge tó ń jẹni ò tíì pọ̀, àwọn ilé ìwé Scotland ò sì tíì gba ìsinmi ńlá. Láti ìparí oṣù Kẹfà dé àárín oṣù Kẹjọ ni ìsinmi tiwọn, ìgbà yẹn ni ọ̀nà máa ń kún jù. Ìparí oṣù Kẹjọ náà dára tí ilé ìwé ọmọ yín ò bá tíì wọlé.

Nígbà Àjíǹde, òtútù ṣì wà gan-an, àwọn ọgbà ìpàgọ́ kan ò sì tíì ṣí.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í rò tẹ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, lápá òkè Thurso, ó máa ń kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ló sì máa ń tún yọ. Ọmọ tó ti mọ́ lára pé òkùnkùn ni àsìkò oorun á jókòó sórí ibùsùn, á máa wò yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá yín lọ́kọ̀ bóyá aṣọ fèrèsé rẹ̀ máa ń dí ìmọ́lẹ̀ pátápátá. Tí kò bá dí i, ẹ mú aṣọ dúdú àti tépù dání. Èyí ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ máa rà lọ.

Ṣé ká yá ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni àbí ní Inverness?

Ní Inverness. Láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé ibẹ̀ tó máìlì 570. Ọjọ́ méjì ló máa gbà yín nínú campervan tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ méjì mìíràn láti padà, ẹ ò sì tíì rí òkun. Ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú, tàbí kí ẹ wọ Caledonian Sleeper, ọkọ̀ ojú irin tó máa ń gbéra ní Euston lálẹ́ tí ẹ ó sùn nínú rẹ̀ títí dé Inverness láàárọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibùsùn orí ibùsùn tó wà nínú rẹ̀, ìdùnnú ìrìn-àjò sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ o, ó máa ń tán.

Tó bá jẹ́ Aberdeen, Glasgow tàbí Edinburgh lẹ ń gbé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ yá a nítòsí yín.

Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ènìyàn mẹ́fà ló lè sùn nínú ọkọ̀. Ṣé ó tó ìdílé wa?

Ẹ má ka ibùsùn, ìjókòó tó ní bẹ́líìtì ni kí ẹ kà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ènìyàn mẹ́fà lè sùn sí, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ tó ń rìn gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ àti bẹ́líìtì tirẹ̀. Ọmọ ò gbọdọ̀ sùn lórí ibùsùn tí ọkọ̀ bá ń lọ, bó ti wù kó ti rẹ̀ ẹ́ tó.

Òfin ni pé kí ọmọ máa lo àga ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí gíga rẹ̀ yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àga náà ò ṣeé dè mọ́ ìjókòó tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n gan-an: "Ìjókòó mélòó ló kọjú síwájú, tó ní bẹ́líìtì aláàárín àti èjìká? Ṣé ibi ìsomọ́ ISOFIX, irin tí wọ́n ń so àga ọmọdé mọ́, wà níbẹ̀?" Kí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó.

Ṣé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lè wà á?

Láàárín oṣù méjìlá àkọ́kọ́ tí ẹ dé láti wá gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gbà á fún ọkọ̀ kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdánwò ibẹ̀, nítorí Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè pààrọ̀ láísẹ́ǹsì wọn. Àmọ́ ohun tí òfin gbà lọ́tọ̀, ohun tí ayánilọ́kọ̀ gbà lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí awakọ̀ ti pé ọdún 25, kó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 1997, ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò ju kílò 3,500 lọ ló lè wà. Ọ̀pọ̀ campervan ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ńlá kan jù ú lọ. Èmi ò tilẹ̀ rí ìdí tí ẹ fi máa gbé èyí tó gùn ju mítà mẹ́fà lọ sí ọ̀nà yìí. Ẹ ó mọ ìdí tí ẹ bá ka ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí.

Ẹ̀rù ọ̀nà tóóró yẹn ń bà mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń wakọ̀ níbẹ̀?

Ọkọ̀ kan péré ni fífẹ̀ ọ̀nà náà gbà, síbẹ̀ àtilọ àtibọ̀ ló ń gbà á. Níbi díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ lè yà fún ọkọ̀. Pátákó tí wọ́n kọ "Passing Place" sí máa wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní ibi ìyàsí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lókèèrè. Ẹ wo ibi ìyàsí tó sún mọ́ yín jù. Tó bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ yà sínú rẹ̀. Tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ má sọdá síbẹ̀. Ẹ dúró lójú ọ̀nà lọ́wọ́ òsì yín, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ibi ìyàsí náà, kí ẹni tó ń bọ̀ fi gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn yín ni ibi ìyàsí wà tó sì sún mọ́ yín ju ẹni iwájú lọ, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ ṣe èyí díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa wo dígí apá òsì, nítorí etí ọ̀nà rọ̀, kòtò sì máa ń wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá, wọ́n á juwọ́ sí yín. Ẹ juwọ́ padà. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ ìjuwọ́ yìí lé ọmọ tó jókòó níwájú lọ́wọ́, kò ní sú u títí ẹ ó fi dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì yìí ò ṣeé gbójú fò. Àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ bá ti tò sẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n kọjá. Ẹ̀yin wà lẹ́nu ìsinmi, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́, tàbí dókítà tí wọ́n pè láàárín kan. Ìkejì, ẹ má páàkì sí ibi ìyàsí láti ya fọ́tò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti kí ẹ se tíì. Inú àwọn ará ibẹ̀ kì í dùn sí i, wọ́n sì jàre. Nílé wa náà, ta ló máa gbọ́kọ̀ dí ẹnu ọ̀nà onílé tó máa dákẹ́?

Ní ti eré sísá, tí ìwúwo òfìfo ọkọ̀ yín bá ju tọ́ọ̀nù 3.05 lọ, máìlì 50 láàárín wákàtí kan ni òpin rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò ní ìpín láàárín, kì í ṣe 60. Ọ̀pọ̀ abúlé ti di máìlì 20. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ rọra, àgbọ̀nrín ń jáde. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ pátápátá: ìwọ̀n tí òfin Scotland gba awakọ̀ láyè kéré sí ti England.

Ṣé ká gba Bealach na Bà, ọ̀nà orí òkè, lọ sí abúlé Applecross?

Pẹ̀lú campervan àti ọmọ, rárá o. Òkè náà ga tó mítà 626, ó sì ń yí po bí ejò, pátákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé kò dára fún ọkọ̀ ńlá, kẹ́ẹ́rẹ́fáànù àti ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀. Ọ̀nà etí òkun wà láti Shieldaig lọ sí Applecross. Ó tóóró, ó sì pẹ́ díẹ̀ jù, àmọ́ kò ní já yín láyà.

B869 tó wà láàárín Lochinver àti Kylesku náà nìyẹn. Ẹ lè gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lápá Lochinver dé etí òkun Achmelvich tí ọkọ̀ yín bá kéré. Àmọ́ ẹ má tẹ̀ síwájú gba Drumbeg. Ẹ padà sí ọ̀nà ńlá.

Ọwọ́ wo ló yẹ ká gbà, ìlà-oòrùn ni àbí ìwọ̀-oòrùn?

Ìlà-oòrùn. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, ilé ìtajà pọ̀, awakọ̀ á sì ti mọ ọkọ̀ náà mọ́wọ́ kó tó di pé ọ̀nà tóóró bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Thurso.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi tó bá wù wá la lè sùn sí ní Scotland lọ́fẹ̀ẹ́?

Àṣìgbọ́ pọ̀ lórí èyí. Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 fún àwọn ènìyàn láyè láti rìn, kí wọ́n sì pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ ni òfin náà wà fún. Kò kan ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì. Campervan tó bá sùn sórí koríko etí òkun wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ọgbà ìpàgọ́. Ẹ tiẹ̀ nílò rẹ̀: omi gbígbóná, iná mànàmáná, ibi tí ẹ ó da ìdọ̀tí sí, pápá tí ọmọ á ti sáré. Àwọn tó wà létí òkun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ kún, irú bí èyí tó wà ní Dunnet Bay, níbi tí iyanrìn ti gùn ju máìlì méjì lọ, àti Sango Sands ní Durness. Sango Sands wà lórí bèbè gíga lókè òkun. Kò sí ibi tó dùn ún jí sí bíi rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ béèrè fún àyè tó jìnnà sí etí bèbè, kí àgbà kan sì máa wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Fún ìsinmi ilé ìwé, oṣù Kìíní tàbí Kejì ni kí ẹ ti sanwó àyè sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè, kí ẹ tó wá to ìrìn yín mọ́ ọn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?

Ẹ̀yin ni. Kò le. Àpótí kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìdọ̀tí ń bọ́ sí, ilẹ̀kùn àpótí náà wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ ó fà á jáde, ó ní ọwọ́ àti táyà kéékèèké bíi àpótí ìrìn-àjò, ẹ ó sì wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n kọ "Chemical Disposal Point" sí. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń dà á, kó má baà ta sí yín lára. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da oògùn rẹ̀ àti omi díẹ̀ sí i, ẹ dá a padà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé ìtọ̀ òru nìkan ni kí ẹ fi í gbà, kí àwọn ọmọ lo ti ọgbà ìpàgọ́ fún èyí tó kù. Ẹ má dà á sínú igbó, ẹ má dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, oògùn inú rẹ̀ ń ba ibi tí ìdọ̀tí wọn ń lọ jẹ́. Omi tí ẹ fi fọ abọ́ náà ní ibi tí wọ́n ń dà á sí.

Oúnjẹ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ò lè jẹ súnwíìṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọn ò ní í jẹ ẹ́. Iná méjì ni sítóòfù inú ọkọ̀ sábà máa ń ní, fíríìjì rẹ̀ kéré, nítorí náà ilé ni ẹ ti máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ din ata dáadáa kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú firísà títí yóò fi gan. Ẹ tò ó léra wọn nínú fíríìjì ọkọ̀: ó ń mú fíríìjì náà tutù bó ṣe ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́ lẹ ó sì máa mú ọ̀kan. Ata kan náà ni ẹ máa fi jẹ ìrẹsì lónìí, ẹ ó fi jẹ dòdò lọ́la, ẹ ó da ẹ̀fọ́ àti ẹja sí i lọ́túnla.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ojú irin lẹ bá dé Inverness, ẹ fi àpò tó ń pa òtútù mọ́ gbé e.

Ní ti òkèlè, èbà lọ̀gá. Kẹ́tù omi gbígbóná kan ti tó o. Ẹ má ro àmàlà lórí sítóòfù yẹn: irin tó gbé ìkòkò dúró fúyẹ́, tí ẹ bá ti fi omorógùn tẹ̀ ẹ́, ìkòkò á yẹ̀ kúrò lórí iná. Bí ẹ bá fẹ́ àmàlà dandan, ẹ da omi tó hó sórí èlùbọ́ nínú ìkòkò tó wà nílẹ̀ níta, kí ẹ rò ó níbẹ̀, kí ẹ tó dá a padà sórí iná díẹ̀ kó jinná. Irú àti pańla, ìta ni kí ẹ ti sè wọ́n. Aṣọ ibùsùn ló ń gba òórùn wọn, ẹ ò sì ní ibòmíràn tí ẹ máa sùn.

Ilé ìtajà ńlá wà ní Inverness, Wick, Thurso àti Ullapool. Láàárín wọn, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni, ọjà wọn sì wọ́n díẹ̀. Ẹ ra nǹkan níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, owó yín ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà wà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ rántí pé ọjọ́ Àìkú máa ń dá wáí ní àwọn abúlé kan, ṣọ́ọ̀bù ò ní ṣí. Lọ́nà kan náà, bí epo bá ti dé ìdajì, ẹ rà á. Ilé epo jìnnà síra lápá ìwọ̀-oòrùn.

Òtútù ò ní pa wá lóru?

Ìgbóná tó ń lo gáàsì tàbí dísù wà nínú ọ̀pọ̀ campervan. Ẹ ní kí wọ́n tan án hàn yín kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò. Ohun tí mo bẹ̀ yín lé lórí ni pé kí ẹ má gbé ààrò èédú wọ inú ọkọ̀, kódà tó bá dà bíi pé iná rẹ̀ ti kú. Èéfín tí kò ní òórùn, tó máa ń pa ìdílé lódindi nílé wa tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ló ń jáde lára èédú. Ẹ má fi sítóòfù yá iná. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín carbon monoxide bá wà ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pa gáàsì kí ọkọ̀ tó gbéra.

Midge yìí, ṣé ẹ̀fọn ni?

Ó kéré sí ẹ̀fọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n máa ń wá. Kì í fa ibà. Ìyún rẹ̀ ló ń dààmú ọmọdé. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ló ń jáde, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti lé e, nítorí náà ẹ yan àyè tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, ẹ má páàkì sábẹ́ igi lẹ́bàá odò. Smidge ni oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi para níbẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n orí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Eégbọn ni kí ẹ fi ojú sí jù, nítorí ó lè kó àrùn Lyme ranni. Lálaalẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí etí àti agbárí àwọn ọmọ. Ẹ fi ohun èlò ìyọ eégbọn fà á yọ tòun torí rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá pọ́n tí pípọ́n náà ń fẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Èyí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n di irun àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n tó gbéra. Agbárí á hàn kedere, afẹ́fẹ́ òkun ò sì ní sọ ọ́ di wàhálà láràárọ̀.

Kí làwọn ọmọ máa rí níbẹ̀?

Ní Chanonry Point, nítòsí Inverness, àwọn dolphin máa ń wá jẹun létí ilẹ̀ gan-an nígbà tí omi òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Ẹ wo àkókò omi kí ẹ tó lọ, kí ẹ mú aṣọ òtútù, kí ẹ jókòó sórí òkúta. Ní Dunrobin Castle, àwọn tó ń tọ́jú àṣá máa ń fi ẹyẹ wọn hàn nínú ọgbà ààfin náà, ẹyẹ á sì fò kọjá lókè orí àwọn ọmọ. Òpópónà tó kúrú jù lọ láyé wà ní Wick, Ebenezer Place, mítà 2.06 péré. Àwọn ọmọ á fò ó kọjá tán, wọ́n á ní káwọn tún un fò.

Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò ní John o' Groats, àmọ́ Dunnet Head ni orí ilẹ̀ Britain lápá àríwá gan-an. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, ẹyẹ puffin máa ń wà níbẹ̀, ẹnu wọn aláràbarà. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, bèbè ibẹ̀ ga.

Smoo Cave ní Durness ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn ọmọ. Àtẹ̀gùn lẹ máa gbà sọ̀kalẹ̀, ẹ ó sì dé ẹnu ihò àpáta tó fẹ̀ tó 40 mítà, tó ga tó 15. Ẹ ò ní sanwó láti wọ ìyẹ̀wù àkọ́kọ́. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, omi ń já bọ́ láti òkè gba ihò àjà rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo inú ihò náà kan. Tí òjò bá ti rọ̀ lánàá, ó tún dára jù, èyí ló fi jẹ́ ibi tó yẹ ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ ò bá dára.

Lápá ìwọ̀-oòrùn, Achmelvich ní iyanrìn funfun àti omi aláwọ̀ ewé tó máa jẹ́ kí ẹ rò pé ẹ wà ní ilẹ̀ olóoru, títí ẹ ó fi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ògbólógbòó ilé olódi Ardvreck wà létí Loch Assynt. Nítòsí Ullapool, ní Corrieshalloch, ẹ lè rìn lórí afárá tó so rọ̀ láti ọdún 1874 lókè àfonífojì jíjìn, ó ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni.

Ṣé wọ́n lè wẹ̀ nínú òkun?

Wọ́n lè ṣeré létí rẹ̀. Kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà kì í sábà ju nǹkan bíi dígírì 14 lọ, òtútù bẹ́ẹ̀ sì lè gba èémí lẹ́nu ọmọ kíákíá. Ẹ wọ aṣọ ìwẹ̀ nípọn tó bo apá àti ẹsẹ̀ fún wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, kí àgbà wà nínú omi pẹ̀lú wọn. Ẹ̀ṣọ́ òkun ò sí ní ọ̀pọ̀ etí òkun wọ̀nyí. Ẹ má gbé ohun ìṣeré tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú sórí omi, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ á gbé e lọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard lẹ fẹ́.

Èébì àti "ṣé a ti débẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó máa ń bì jókòó síbi tó ti lè rí iwájú, kó jẹ nǹkan gbígbẹ díẹ̀, kó má wo fóònù. Ẹ béèrè oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ọjọ́ orí ọmọ ló ń sọ èyí tó lè lò. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí ní ibi púpọ̀, ẹ gbé máàpù, ìtàn àti orin sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Inverness.

Màmá wa wá láti Nàìjíríà. Ṣé a lè mú wọn dání?

Ẹ mú wọn dání, kí àwọn ọmọ gbọ́ àlọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ibùsùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n á gun àkàbà lọ bá. Ẹ wo gíga àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ẹ ra àpótí ìtẹ̀sẹ̀ kan sí i tó bá ga jù. Àwọn ọgbà ìpàgọ́ kan ní yàrá onígi kékeré tó ní ìgbóná. Ẹ lè gba ìyẹn fún wọn ní alẹ́ méjì mẹ́ta kí ẹ̀yìn wọn sinmi. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tó gbogbo ọjọ́ ìrìn náà, kí ìbánigbófò ìlera ìrìn-àjò wọn sì wà lọ́wọ́ yín.

Tí ọmọ bá ṣàìsàn ńkọ́?

Nọ́ńbà 111 ni kí ẹ pè tí kò bá le, 999 tó bá le. Raigmore ní Inverness ni ilé ìwòsàn ńlá, Caithness General wà ní Wick. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ilé ìwòsàn ńlá jìnnà, torí náà tí ara ọmọ bá ti gbóná lálẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó pe 111. Oògùn ibà, sírínjì ìfúnni-lóògùn àti ohun ìwọn ara gbígbóná gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan tí gbogbo yín mọ ibi tó wà.

Báwo làwọn ará ibẹ̀ ṣe máa gbà wá, àwa aláwọ̀ dúdú?

Àwọn aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ níbẹ̀, ọmọdé lè tẹjú mọ́ yín. Ẹ kí wọn bí ẹ ṣe ń kíni nílé. Ìkíni ṣì níyì níbẹ̀, ẹni tó bá kí wọn, tó sì yà fún wọn lọ́nà, wọn kì í fi ojú àlejò tí ò mọ̀wà wò ó.

Kí la máa ṣe kí a tó dá ọkọ̀ padà?

Ẹ sùn nítòsí Inverness ní alẹ́ tó kẹ́yìn. Ẹ da àpótí ìdọ̀tí nù, ẹ da omi ìfọ̀bọ́ nù, ẹ gbá iyanrìn kúrò nínú ọkọ̀. Ó máa ń wọ inú ìránpọ̀ ìjókòó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yọ ọ́, ọ̀pọ̀ ayánilọ́kọ̀ ń gba owó ìfọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ ra epo dé ibi tí ẹ bá a. Ẹ fi fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí ẹ gbà á wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yíká pẹ̀lú ẹni tó ni ín, kí ẹ gbàwé pé ẹ ti dá a padà láìlábùkù kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.